Ẹ Má Tíì Sanwó: Sọ́fítíwíà Wo Ló Yẹ Kí Ẹ Fi Yí Fídíò Padà fún Ìkànnì Yín?

Ìbéèrè: Iṣẹ́ aránṣọ ni mo ń kọ́ àwọn èèyàn. Fóònù ni mo fi ń ya fídíò ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, mo sì fẹ́ máa gbé wọn sórí ìkànnì tèmi fúnra mi. Fídíò ogún ìṣẹ́jú kan ṣoṣo tó 3.4 gígábáìtì. Nígbà tí mo gbé àkọ́kọ́ sókè, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ohùn mi nìkan làwọn ń gbọ́, ojú fídíò dúdú kirikiri. Àwọn mìíràn ní àwọn dúró títí ó fi sú àwọn kó tó bẹ̀rẹ̀. Mo wá lo sọ́fítíwíà kan tí wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni, ló bá kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà sójú gbogbo fídíò mi. Wọ́n ní bí mo bá sanwó, orúkọ náà á kúrò, á lè yí fídíò sí oríṣi tó lé ní 300, á sì yá ní ìlọ́po ọgbọ̀n. Ṣé kí n rà á, àbí èwo ni kí n rà?

Ìdáhùn:

Ẹ má rà á. Èyí tó máa yanjú ọ̀rọ̀ yín wà lọ́fẹ̀ẹ́, HandBrake ni wọ́n ń pè é, ó sì wà fún Windows, Mac àti Linux. Kì í kọ orúkọ sójú fídíò ẹnikẹ́ni. Mo lè dákẹ́ síbẹ̀, àmọ́ tí mo bá dárúkọ sọ́fítíwíà lásán tí mi ò sọ ohun tó ń ṣe fídíò yín, ẹ ṣì lè fi HandBrake náà ṣe fídíò tí kò ní ṣí. Mo ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí fídíò ń lọ, àti ohun tó wà nínú rẹ̀ báyìí, ló yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀.

Ẹ̀yin aránṣọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n fi aṣọ ṣàlàyé. Fáìlì fídíò dà bí àpótí aṣọ. MP4, MOV, WebM, MKV, orúkọ àpótí ni gbogbo wọn. Àwòrán àti ohùn ni aṣọ inú rẹ̀, wọ́n sì ti ká wọn pọ̀ kí wọ́n má gba àyè. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ká wọn ni wọ́n ń pè ní codec. Ẹni tó fẹ́ wo fídíò gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń tú irú ìkápọ̀ yẹn. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ó lè ṣí àpótí kalẹ̀ kó má rí aṣọ kankan wọ̀.

Ohun tó ṣe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín nìyẹn. Ẹ wo iye tí ẹ pè: 3.4 gígábáìtì fún ogún ìṣẹ́jú já sí 170 mẹ́gábáìtì ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Iye tí iPhone máa ń lò nìyẹn gan-an tó bá ń ya 4K, ìyẹn fídíò tó mọ́ kedere gan-an, ní férémù 30 (àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan) pẹ̀lú codec tó ń jẹ́ HEVC. Ẹ ò sọ irú fóònù tí ẹ ń lò fún mi, ṣùgbọ́n ìṣirò yẹn ti tú yín fó. HEVC, tí wọ́n tún ń pè ní H.265, dé ní 2013. Ó mọ aṣọ ká gan-an, kò sí ẹni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀ bùráúsà orí kọ̀ǹpútà ni kò lè tú u àfi tí ẹ̀rọ inú kọ̀ǹpútà náà bá ràn án lọ́wọ́. Ohùn tó wà nínú fáìlì náà, AAC ni wọ́n fi ká a, bùráúsà gbogbo sì mọ AAC. Ìdí tí wọ́n fi ń gbọ́ yín láì rí yín kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, oríṣi 300 tí wọ́n fi ń fa ojú yín mọ́ra yẹn, ọ̀kan ṣoṣo lẹ nílò nínú rẹ̀: àpótí MP4, àwòrán tí wọ́n fi H.264 ká, ohùn AAC. H.264 ti wà láti 2003. Ó ti dàgbà, kò rẹwà mọ́ lójú àwọn tó fẹ́ràn nǹkan tuntun, ṣùgbọ́n kò sí bùráúsà tó ṣe é lò lónìí, kò sí fóònù, kò sí tẹlifíṣọ̀n ìgbàlódé tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ máa gbọ́ orúkọ VP9 àti AV1. Codec ni àwọn náà, àwọn méjèèjì ń ká fídíò kéré ju H.264 lọ, àwọn tó ṣe wọ́n kò sì béèrè owó àṣẹ. Àmọ́ AV1, tó jáde ní 2018, lè jẹ kọ̀ǹpútà àtijọ́ níyà kó tó parí iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni Safari, bùráúsà Apple, kì í ṣí i àfi lórí ẹ̀rọ Apple tó ní ohun èlò tó ń tú u nínú. Ẹni tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún fídíò àti àìmọye òǹwòran ni iye dátà tí AV1 ń dín kù lè jẹ́ ìdùnnú fún. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ yín rí bí abẹ́rẹ́ ṣe ń wọ aṣọ, H.264 ni kí ẹ dúró tì.

Ẹ̀sùn kejì, ti àwọn tó dúró títí, kò kan codec rárá. Nínú MP4, àkọsílẹ̀ kékeré kan wà tó ń sọ ibi tí férémù kọ̀ọ̀kan wà nínú fáìlì. Moov ni wọ́n ń pè é. Kámẹ́rà tàbí sọ́fítíwíà kì í mọ ohun tó máa kọ síbẹ̀ títí yóò fi ya fídíò náà tán, nítorí náà ìdí fáìlì ló sábà máa ń gbé e sí. Bùráúsà kò sì lè fi férémù àkọ́kọ́ hàn láìrí àkọsílẹ̀ yìí. Bí kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìkànnì yín bá gbà kí bùráúsà fò lọ sí ìdí fáìlì kó lọ kà á, ìyẹn lè ṣe é pẹ̀lú ìdádúró díẹ̀. Bí kò bá gbà, àfi kí ó kó gbogbo 3.4 gígábáìtì wálẹ̀ kó tó kí òǹwòran káàbọ̀. Ojútùú rẹ̀ rọrùn dé ibi pé ó ń bí mi nínú bí ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà olówó ṣe ń fi í pamọ́: kí wọ́n ṣáà gbé moov wá síwájú fáìlì. Nínú HandBrake, àpótí kékeré kan wà tí wọ́n kọ "Web Optimized" sí. Ẹ fi àmì sínú rẹ̀, ó parí. Kì í fi kún ìwọ̀n fáìlì, kò sì fọwọ́ kan àwòrán.

Ẹ̀yin náà lè fi èyí wọn sọ́fítíwíà yòówù tí wọ́n bá gbé wá bá yín. Ṣé ó jẹ́ kí n yan H.264 fúnra mi, àbí ó kàn kọ "HD" síbẹ̀ tó ní kí n gbà á bẹ́ẹ̀? Ṣé mo lè sọ irú dídára tí mo fẹ́ ní nọ́ńbà? Ṣé ó ní ètò tó ń gbé moov síwájú? Ṣé mo lè pinnu iye férémù? Ṣé mo lè to fídíò ogún sílẹ̀ kí n lọ sùn? Èyí tí kò bá ní ìdáhùn sí ìwọ̀nyí, ó lè lẹ́wà bó bá ṣe fẹ́, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tún sọ ohun kan tí àwọn olùtajà kì í sọ: púpọ̀ nínú sọ́fítíwíà tí wọ́n ń tà wọ̀nyí, FFmpeg ló ń ṣiṣẹ́ nínú wọn. Sọ́fítíwíà tó ń tú fídíò tó sì ń ká a ni FFmpeg, ó wà lọ́fẹ̀ẹ́, Fabrice Bellard ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2000, HandBrake náà sì ń lò ó. Ohun tí wọ́n ń gba owó lé lórí, aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún un ni. Aṣọ náà lè wù yín, mi ò bá yín jà, àmọ́ kí ẹ mọ̀ pé ara kan náà ló wà nínú rẹ̀.

Ìlọ́po ọgbọ̀n ńkọ́? Irọ́ pátápátá kọ́. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kíká fídíò lọ: NVENC ni ti Nvidia, Quick Sync ni ti Intel, VideoToolbox ni wọ́n ń gbà lò ó lórí Mac. Ó ń sáré, àmọ́ bí ẹni tó ń ká aṣọ nígbà tí ọkọ̀ ti ń pè é ló ṣe ń ká a. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwòrán rẹ̀ dára tó ti x264, sọ́fítíwíà tó ń rọra ká H.264, fáìlì náà máa tóbi jù. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa yí fídíò kan padà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín máa gbà á wálẹ̀ ní ìgbà ọgọ́rùn-ún. Wákàtí tí kọ̀ǹpútà yín fi ṣiṣẹ́ ní òru, àwọn ni yóò jẹ èrè rẹ̀. HandBrake náà sì lè lo ẹ̀rọ wọ̀nyí tí ìkánjú bá wà, láìgba owó lọ́wọ́ yín.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ inú iṣẹ́. Ẹ ṣí HandBrake, ẹ wọ́ fídíò yín sínú rẹ̀. Níbi tí wọ́n kọ Preset sí, ìyẹn àwọn ètò tí wọ́n ti tò sílẹ̀, ẹ mú "Fast 1080p30". Ibẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀, a ò ní dúró síbẹ̀. Ẹ rí i pé Format jẹ́ MP4, kí àmì wà nínú "Web Optimized". Preset yìí ti dín 4K yín kù sí 1080p, ẹ má kábàámọ̀ ìyẹn. Férémù 4K kan ní píkísẹ́lì, àwọn tótò kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ, ti 1080p lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù méjì. Bí ẹ bá fi 4K sílẹ̀, píkísẹ́lì ìlọ́po mẹ́rin lẹ fẹ́ kí ẹni tó ń wo yín máa fà, lójú fóònù tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Ní abala Dimensions, ẹ yẹ Cropping wò. HandBrake máa ń wá etí dúdú lára àwòrán, á sì gé e dànù fúnra rẹ̀. Fún fíìmù tó ní ọ̀já dúdú lókè àti nísàlẹ̀, iṣẹ́ ọpọlọ nìyẹn. Fún ẹni tó ń rán aṣọ dúdú lórí tábìlì dúdú, ó lè gé ohun tí kò yẹ. Ẹ sọ ọ́ di None.

Abala Video ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Video Encoder, H.264 (x264). Framerate, 30, kí ẹ sì yan "Constant Framerate" nísàlẹ̀ rẹ̀. Fóònù kì í ya férémù ní ìwọ̀n kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin; bí iná yàrá bá lọ sílẹ̀ tàbí tí ara fóònù bá gbóná, ó lè dín in kù. Bùráúsà kì í sábà ṣàròyé lórí èyí, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé fáìlì náà sínú sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń gé fídíò, ẹnu yín á máa sọ̀rọ̀ síwájú, ohùn á máa tẹ̀lé e lẹ́yìn. Constant ń pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan.

Lẹ́yìn náà, dídára. Ọ̀nà méjì ni HandBrake fún yín: kí ẹ sọ iye dátà tí fídíò gbọ́dọ̀ lò ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ẹ sọ bí ẹ ṣe fẹ́ kó dára tó, kó wá fúnra rẹ̀ pinnu dátà. Ẹ gba ti ẹ̀ẹ̀kejì, "Constant Quality". Ìdí rẹ̀ ni pé fídíò kì í le bákan náà látòkè délẹ̀. Níbi tí ẹ ti jókòó tí ẹ ń ṣàlàyé, díẹ̀ ló nílò. Níbi tí ẹ bá ti gbọn aṣọ olódòdó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ wò lójú kámẹ́rà, ó nílò púpọ̀. Bí ẹ bá fún méjèèjì ní oúnjẹ kan náà, ọ̀kan á yó jù, ebi á sì pa èkejì, òun lẹ máa rí bí àwòrán tó fọ́ sí bíríkì bíríkì.

RF ni wọ́n ń pe nọ́ńbà yìí, ó ń lọ láti 0 dé 51. Ó máa ń da orí àwọn èèyàn rú, torí bó bá ṣe kéré sí ni àwòrán ń dára sí, tí fáìlì sì ń tóbi sí. Ìmọ̀ràn àwọn tó ṣe HandBrake fúnra wọn fún 1080p ni 20 sí 24. Ẹ̀yin, ẹ fi í sí 21. Ìlà òwú tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ fẹ́ kí èèyàn rí, àwọn nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ló sì kọ́kọ́ ń pa rẹ́ tí RF bá ga. Bí fáìlì bá ṣì wúwo, ẹ gbìyànjú 23. Ẹ má ṣe fi í sí 15 pẹ̀lú èrò pé ẹ ń ṣe ara yín lóore: bí ẹ bá fi nǹkan bíi mẹ́fà sọ nọ́ńbà náà kalẹ̀, ìwọ̀n fáìlì á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, ojú ò sì ní rí ìyàtọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wá fa "Encoder Preset" láti fast lọ sí slow. Ó máa pẹ́ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n á ká aṣọ náà dáadáa. Ní ti ohùn, AAC stereo, kílóbíìtì 128 ní ìṣẹ́jú-àáyá tó. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni, orin kọ́.

Kí ni gbogbo èyí máa dá sílẹ̀? Fídíò tí kámẹ́rà dúró sójú kan, tí ọwọ́ nìkan ń rìn, lè já sí nǹkan bíi mẹ́gábíìtì méjì ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ogún ìṣẹ́jú jẹ́ 1,200 ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ sọ méjì di ìlọ́po 1,200, ẹ pín in sí mẹ́jọ nítorí bíìtì mẹ́jọ ló wà nínú báìtì kan, ẹ máa rí 300 mẹ́gábáìtì. Ohùn á fi nǹkan bí 19 kún un. Kò tó ìdá mẹ́wàá ohun tí ẹ gbé sókè lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ tọ́jú ìṣirò yìí, torí ó dúró fún fídíò yòówù.

Ẹ má tíì yí gbogbo fídíò yín padà o. Ẹ mú ìṣẹ́jú kan péré, níbi tó le jù lọ: aṣọ olódòdó, ọwọ́ tó ń yára, kámẹ́rà tó ń mì. HandBrake ní ibi tí wọ́n kọ Range sí, ẹ yí i sí Seconds, ẹ kọ ibi tí ẹ fẹ́ kó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó máa parí. Ẹ gbé ìṣẹ́jú kan náà sórí ìkànnì yín, kí ẹ wò ó nínú bùráúsà mélòó kan, lórí fóònù Android, lórí iPhone, lórí kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́. VLC, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń wo fídíò lórí kọ̀ǹpútà, kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó ṣe é gbára lé níbí. VLC fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ gbogbo codec tí ayé ti ṣe, ohun tó ń gbé e lọ́fun kò pọ̀. Bí fídíò bá ṣí nínú VLC, ohun tí ẹ mọ̀ kò ju pé ó ṣí nínú VLC lọ.

Mo mọ̀ ọ́n nípa ìyà. Nígbà kan, mo yí fídíò mẹ́tàdínlógójì padà fún ilé ẹ̀kọ́ kan lóru ọjọ́ kan ṣoṣo, ojú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo wò wọ́n nínú VLC, ohun gbogbo ń dán. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí èyí tó ṣí lórí iPhone ẹnì kankan. FFmpeg ni mo lò. Ó bá àwọ̀ tó kún rẹ́rẹ́ nínú fídíò náà, kò sì dín in kù torí mi ò sọ fún un. Ìlànà àwọ̀ tí wọ́n ń pè ní yuv444p ló fi ṣe H.264 náà, nígbà tó jẹ́ pé yuv420p ni fóònù àti bùráúsà ń retí. H.264 ni, MP4 ni, síbẹ̀ kò ṣí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbàgbé láti kọ. Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe, àmọ́ láti ọjọ́ náà mi ò jẹ́ kó ju fídíò kan lọ kí n tó dán an wò.

Ní tòótọ́, ẹni tó ní fídíò púpọ̀ tó jọra, FFmpeg ló máa wù ú jù nígbẹ̀yìn. Kò ní bọ́tìnnì kankan, ọ̀rọ̀ lẹ máa kọ fún un. Èyí nìyí, tó ń ṣe ohun tí mo ti ṣàlàyé ní HandBrake, fún fídíò tí ẹ yà ní ìbú:

ffmpeg -i eko1.mov -vf scale=-2:1080 -r 30 -c:v libx264 -crf 21 -preset slow -pix_fmt yuv420p -c:a aac -b:a 128k -movflags +faststart eko1.mp4

Ẹ rí yuv420p níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo gbàgbé nìyẹn. Faststart tó wà nípẹ̀kun ló ń gbé moov síwájú. Ohun mìíràn tí FFmpeg ń ṣe tí HandBrake kò lè ṣe ni kó pààrọ̀ àpótí láì tú aṣọ. Bí ẹnì kan bá fún yín ní fáìlì MKV tó jẹ́ pé H.264 àti AAC ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ má yí i padà rárá. Ẹ kọ "-c copy" dípò gbogbo ètò àárín wọ̀nyẹn, á kó aṣọ náà sínú àpótí MP4 ní ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, férémù kan ò sì ní bàjẹ́. Bí ọ̀rọ̀ kíkọ bá ń bà yín lẹ́rù, Shutter Encoder gbé FFmpeg sábẹ́ bọ́tìnnì, lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹ lè mọ ohun tó wà nínú àpótí kan kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ gba MediaInfo sórí kọ̀ǹpútà yín.

Àwọn ìkànnì tó ní kí ẹ gbé fídíò wá káwọn bá yín yí i padà ńkọ́? Fún fídíò ìṣẹ́jú kan, ó lè ṣeé gbà. Fún tiyín, ẹ ṣírò rẹ̀: lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gbé mẹ́gábíìtì márùn-ún sókè ní ìṣẹ́jú-àáyá, 3.4 gígábáìtì máa gbà yín ní wákàtí kan ààbọ̀, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ sì ti gbé ojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín sórí kọ̀ǹpútà ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí.

Bó bá jẹ́ YouTube lẹ ń gbé fídíò lọ, ẹ gbàgbé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo sọ. YouTube fúnra rẹ̀ máa tún gbogbo ohun tí ẹ bá fún un ká, ní oríṣiríṣi ìwọ̀n. Bí ẹ bá ti fún un pọ̀ kó tó débẹ̀, fífúnpọ̀ di ẹ̀ẹ̀mejì, àwòrán sì ń pàdánù nǹkan kan ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó dára jù lọ́wọ́ yín ni kí ẹ fún un. Fún 1080p ní férémù 30, mẹ́gábíìtì mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú-àáyá ni wọ́n dámọ̀ràn, ìyẹn ìlọ́po mẹ́rin ohun tí mo ní kí ẹ lò fún ìkànnì tiyín.

Lórí ìkànnì tiyín, fáìlì kan máa tó ọ̀pọ̀ òǹwòran. Bí àwọn kan bá ní íntánẹ́ẹ̀tì wọn kò lágbára, ẹ ṣe ẹ̀dà kejì ní 480p, kí ẹ fi ìjápọ̀ rẹ̀ sábẹ́ fídíò. Ọ̀nà tó gọntíọ wà o, HLS, tí Apple gbé jáde ní 2009: wọ́n á gé fídíò sí wẹ́wẹ́, bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà mẹ́fà, ní ìwọ̀n mélòó kan, bùráúsà á sì máa mú èyí tí agbára íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lè gbé. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Bí ẹ bá dé ibi tí ẹ ti nílò rẹ̀, yóò dára kí ẹ gbé fídíò fún ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é jẹun.

Ọ̀rọ̀ ààbò, kí n tó gbàgbé. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Àwọn sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ wọ̀nyí ní ẹ̀dà ayédèrú tó kún fún kòkòrò, wọ́n sì lè ṣáájú ẹ̀dà òtítọ́ nínú èsì ìwákiri. Handbrake.fr ni kí ẹ ti gba HandBrake. Ìyẹn pàápàá kò mú gbogbo ewu kúrò: ní oṣù karùn-ún 2017, àwọn ọ̀daràn wọ ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ń pín in, wọ́n sì fi ẹ̀dà Mac tó ní kòkòrò síbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ìdí tí àwọn olùṣe rẹ̀ fi ń kọ checksum síta nìyẹn, gbólóhùn gígùn tó ń jẹ́rìí sí fáìlì. Ẹ fi èyí tí kọ̀ǹpútà yín bá ṣírò wé tiwọn.

Nígbà tó kàn tí ẹ bá fẹ́ ya fídíò, ẹ dín iṣẹ́ kù fún ara yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wọ Settings lórí iPhone, lẹ́yìn náà Camera. Ẹ fi Record Video sí 1080p ní 30, ẹ pa "HDR Video", nítorí àwọ̀ HDR sábà máa ń ṣá tí wọ́n bá gbé e sínú H.264 láìtọ́jú rẹ̀. Ní Formats, ẹ yan "Most Compatible". Fóònù á fi H.264 ya á. Tí ẹ bá fẹ́ fi 4K sílẹ̀ kí ẹ lè sún mọ́ ìdí abẹ́rẹ́ nígbà tí ẹ bá ń gé fídíò, ìyẹn náà ní ọgbọ́n nínú. Nígbà náà, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, HandBrake á dín in kù lẹ́yìn.

Ní ti àwọn fídíò tí sọ́fítíwíà ọjọ́sí ti kọ orúkọ sí lójú: bí ojúlówó wọn bá ṣì wà lórí fóònù, inú ojúlówó ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀tun. Èyí tí ẹ bá ti pa rẹ́, kò sí sọ́fítíwíà tó lè yọ orúkọ yẹn kí ohun tó bò mọ́lẹ̀ padà wá. Ẹ tún un yà bó bá ṣe pàtàkì. Ẹ wá ra díráìfù kan tí ẹ ó máa kó ojúlówó sí, owó tí ẹ fẹ́ fi ra sọ́fítíwíà yẹn lè tó o. Fún àwọn yòókù, ẹ tò wọ́n sínú Queue ní alẹ́, ẹ so kọ̀ǹpútà mọ́ iná, ẹ sọ fún un pé kó má sùn, kí ẹ wá tẹ Start.